Ọ̀bẹ Bàbá Mi Lórí Àsíá Rọ́ṣíà

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, mi ò sì tíì gbàgbé.

Iṣẹ́ awọ ni bàbá mi ń ṣe ní Ọ̀yọ́, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Ó ń ṣe tìmùtìmù, ó ń ṣe bàtà, ó sì ń ṣe àpò tí àwọn ààfáà fi ń gbé Kùránì kọ́ èjìká. Nígbà tí mo parí ilé-ìwé àwọn olùkọ́, ìjọba ológun ní àwọn ò gba òṣìṣẹ́ mọ́, ni mo bá padà sídìí iṣẹ́ bàbá mi. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mo ń wọkọ̀ lọ sí Sábó l'Ógbómọ̀ṣọ́ láti ra awọ ewúrẹ́. Bí mo bá ti di ẹrù mi tán, màá gbé e sílẹ̀ lọ́dọ̀ Gàmbàrí tó ń ta awọ fún wa, màá sì yà sí ilé-ìwé kan láàárín ìlú. Níbẹ̀ ni àwa mẹ́fà ti ń ka ìtàn bí àwọn kọ́múníìsì ṣe gba ìjọba káàkiri ayé.

Olùkọ́ ìtàn kan ni olórí wa. Ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, díákónì ni bàbá rẹ̀. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá ń sọ bí àwọn obìnrin Rọ́ṣíà ṣe tú síta nítorí búrẹ́dì, tí àwọn sójà kọ̀ láti yìnbọn sí wọn, títí ọba fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, à bá rò pé ó wà níbẹ̀ ni. Ó sọ ti àwọn àgbẹ̀ Ṣáínà tó fẹsẹ̀ rìn fún ọdún kan gbáko, tí ọ̀tá ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Ó sọ ti ìwọ̀nba èèyàn tó gun orí òkè lọ ní Kúbà, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n sì gba ìlú. Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n pa ọ̀gágun tó ń ṣèjọba Bùrùkínà, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ sì gorí àga rẹ̀, olùkọ́ náà sunkún lójú gbogbo wa. Mo rántí omijé yẹn dáadáa.

Bàbá mi ò gbọ́ òyìnbó. Lárúbáwá nìkan ló lè kà. Ó ń dùn mí pé ìtàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ìwé, oníṣẹ́ ọwọ́ tó bí mi kò sì lè gbọ́ ọ. Mo bá mú ìwé aláwẹ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn náà ní Yorùbá. Ó gbà mí ní ọdún méjì. Bí mo bá ti kọ díẹ̀, bàbá mi á ní kí n kà á fún òun ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun alásárì, á máa gbọ́ bó ṣe ń fá awọ.

Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìwé olówó pọ́ọ́kú tó ń ti Mọ́síkò, olú-ìlú Rọ́ṣíà, wá, wọ́n ya àsíá Rọ́ṣíà, kò ju èékánná lọ. Mo rí òòlù níbẹ̀. Ohun kejì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ta ni kò mọ ìyẹn nínú agboolé wa? Ọ̀bẹ tí bàbá mi fi ń gé awọ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn oníṣẹ́ awọ ló kọ́kọ́ dìde ní Rọ́ṣíà, ìdí nìyẹn tí irinṣẹ́ wọn fi wà lórí àsíá. Nígbà tí mo kà á, bàbá mi dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó gbé ọ̀bẹ náà sókè, ó wò ó títí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó kọjá ní ṣọ́ọ̀bù tí kò gbọ́. Ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà, ó sọ ọ́ fún àwọn àgbà Akẹ̀sán.

Mo gbé ìwé náà fún olùkọ́ kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù dé, oṣù lọ, ó ní òun ṣì ń kà á. Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé, ló fọ̀rọ̀ tó mi létí: ìwé mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn, orúkọ olùkọ́ ló sì wà lára rẹ̀. Mo lọ bá a. Kò tilẹ̀ dìde lórí àga.

"Kọ́múréèdì," ló wí, "nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí tèmi, kò sí tìẹ. Ti gbogbo wa ni."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló fẹ́ ka ìwé tí oníṣẹ́ awọ kọ.

Mo fi ìbínú padà sí Sábó láti gbé ẹrù mi. Mo bá Gàmbàrí wa níbi tó ti ń pọ́n irin kan tó tẹ̀. Mo ní kí nìyí, ó ní láújé ni, òun ni wọ́n fi ń kórè ọkà bàbà lọ́dọ̀ wọn, òun náà sì ń fi í gé koríko fún àgbò. Mo yọ ìwé Mọ́síkò jáde nínú àpò mi. Mo wo àwòrán, mo wo irin. Òun ni. Kò sí ọ̀bẹ awọ kankan lórí àsíá Rọ́ṣíà, kò sì sí ìgbà kankan tó wà níbẹ̀ rí.

Wọn ò tíì tẹ ìwé náà tán. Bí mo bá sáré padà, wọ́n á rí i tún ṣe. Mi ò sáré. Mo ní kí Gàmbàrí yá mi ní láújé yẹn, mo fi awọ wé e, mo wọkọ̀ Ọ̀yọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ìwé jáde ní gbọ̀ngàn kan l'Ógbómọ̀ṣọ́. Olùkọ́ wọ agbádá funfun. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè bọ́ síwájú, mo gbé ọ̀bẹ bàbá mi àti láújé lọ, mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì.

"Kọ́múréèdì, ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú méjèèjì ló wà lórí àsíá Rọ́ṣíà?"

Ó wò wọ́n. Ìwé rẹ̀ ti sọ ohun tó máa mú. Ó tọ́ka sí ọ̀bẹ bàbá mi.

Pásítọ̀ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí èkejì. Ó ní, "Dòjé rèé. Ọmọ díákónì, o ò mọ dòjé? Ṣé o kì í ka Bíbélì ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Òógùn bo olùkọ́. Ó wá ṣe ohun tí mo ti ń dúró dè: ó nawọ́ sí mi, ó ní ọmọ yìí ló kọ ibẹ̀. Pásítọ̀ bi mí pé apá ibo gan-an ni mo kọ.

"Gbogbo rẹ̀ ni, Bàbá," ni mo dáhùn. "Àṣìṣe yẹn náà, èmi ni mo ṣe é."

Mo ní kí ẹnikẹ́ni ṣí ojú ewé tó bá wù ú, kí ó ka ìlà kan, màá parí èyí tó kù. Ẹni mẹ́ta ṣí i. Mo bá wọn parí rẹ̀ láìwo ìwé. Kí n tó parí ti ẹnì kẹta, olùkọ́ ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó dùn mọ́ mi. Títí dòní, tí mo bá rántí bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe kọ́ agbádá yẹn nígbà tó ń sá lọ, ó ń dùn mọ́ mi.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wà níbẹ̀ ti délé ròyìn ṣáájú mi. Mo bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Mo gbé ọ̀bẹ rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀bẹ wa?"

Mo ní ó tó oṣù mẹ́rin.

"Oṣù mẹ́rin," ló wí. "O wá ń wò mí, mo ń sọ ọ́ kiri."

Bí olùkọ́ yẹn bá tún jí ìwé mi lónìí, màá tún dójú tì í, ní gbangba, níwájú àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí bàbá mi fi kú, kò tún ní kí n ka nǹkan kan fún òun mọ́.