Ohùn Bàbá Mi àti Abọ́ Tí Kò Tíì Padà

Ẹ gbọ́ bí èmi, onímọ̀ ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́, ṣe fẹ́ẹ̀ sin bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì ní Djègan-Kpèvi, àdúgbò wa.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ohùn bàbá mi ṣẹ́ kù sí. Ayé rẹfolúsíọ̀n, nígbà ìjọba ológun, ni wọ́n gbà á sílẹ̀, tó ń ké sí àwọn kámárádì àdúgbò pé "Ehuzu!", ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, kí wọ́n lè dáhùn pé "Dandan!" Téèpù ti gbó. Màmá mi ní kí n gbé e fún àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi kẹ̀? Mo ní èmi ni màá ṣe ẹ̀rọ tó máa gbé e wọ kọ̀ǹpútà.

Maikirofóònù ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ṣíìpù ń sọ ohùn di nọ́ńbà, okùn USB ń gbé e lọ. Bọ́fà méjì ló wà nínú ṣíìpù náà, àyè tí ohùn ń dúró sí. Bí a ṣe ń rọ ohùn sínú ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń kó ti èkejì. Alákòóso USB á fi àmì sára èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, á mú un kúrò tó bá ṣetán. Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá mi títí wọ́n fi sùn lọ.

Àmì yẹn gan-an ni èmi ò wò. Mo rò pé ìfàkókòṣòfò ni!

A tẹ kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn bàbá mi gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́.

"Bàbá ẹ kì í kólòlò," ni màmá mi wí. "Ṣé ọ̀run ló ti lọ kọ́ ọ?"

Mo dá okùn lẹ́bi. Mo dá iná lẹ́bi. A tún un tẹ̀, téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Tó bá já, o ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Ọ̀gá ẹlẹ́rọ, dìde, lọ gba abọ́ mi ní ilé Àǹtí ẹ."

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí. Mùsùlùmí ni wọ́n, kátólíìkì ni wá. Tí Kérésì bá dé, a ó gbé ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Tó bá di Iléyá, wọ́n á gbé ẹran wá. Ṣùgbọ́n abọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà. Ta ló ń bu ọbẹ̀ sínú abọ́ tí ẹlòmíì ṣì ń jẹun nínú ẹ̀?

Èmi ni. Ẹnu ọ̀nà Àǹtí ni mo ti rántí. Mo sáré padà sílé.

"Abọ́ dà?"

Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo gbà lọ. Mo fi ìlà kan kún ètò ẹ̀rọ mi: dúró títí àmì á fi kúrò. Mo tún kásẹ́ẹ̀tì tẹ̀.

"Ehuzu!" Ó já gaara, bí ẹni pé bàbá mi wà ní pálọ̀.

"Dandan!" Màmá mi ló dáhùn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣe parí, téèpù já. Maikirofóònù ti gbé ohùn màmá mi pọ̀ mọ́ tiẹ̀. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé e kúrò. Mi ò ní gé e.

Ohun tí mo rí kọ́ ò ju èyí lọ: ẹ jẹ́ kí abọ́ padà kí ẹ tó bu òmíràn sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ohùn òbí yín lórí téèpù, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí lẹ bà jẹ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, ká jọ rẹ́rìn-ín.

Abọ́ màmá mi ṣì wà nílé Àǹtí.