Igi Òdòdó Bàbá Régé

Bàbá Régé ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí aṣọ tó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í gún régé. Alágbàfọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Láàárọ̀, oru áyọ́ọ̀nù rẹ̀ á bo ojú fèrèsé, àwọn aṣọ funfun á máa mì lẹ́lẹ́ nínú rẹ̀, èmi náà á sì gbàgbé abẹ́rẹ́ sọ́wọ́.

Ọdún kejì rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá ọmọbìnrin wọn tọ́jú ọmọ ní ìlú tó jìnnà. Oṣù mẹ́ta ló pè é. Igi òdòdó pupa tó gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nìkan ló fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá sọ fún mi pé ọjọ́ tí igi yẹn bá tanná, ìyàwó òun á padà wálé. Mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí i pé ó dá a lójú.

Igi ò tanná. Bẹ́ẹ̀ ó ń rí oòrùn, ó ń rómi mu. Ní gbogbo Sátidé, bàbá á yá àlùmọ́gàjí mi, á gé gbogbo ẹ̀ka tó bá yọ orí síta, títí igi náà á fi rí bíi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń yìn ín, èmi aláìmọ̀kan.

Etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀ mọ́, nítorí náà gbogbo wa la máa ń gbọ́ fóònù rẹ̀. Bí ìyàwó bá ní òjò rọ̀, bàbá á já lu ọ̀rọ̀, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sáṣọ. Bó bá ní ọmọ ti ń hu eyín, á ní kó yáa sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń fọ bíbù tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ká sọ tòótọ́, èmi náà ì bá má tètè padà.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó bi í pé kí ló ń ṣe sí igi náà gan-an. Bàbá fi ìgbéraga ròyìn àlùmọ́gàjí mi.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gé òdòdó yẹn dànù," ìyàwó ní. "Ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun ló ti ń rudi. Ẹ jẹ́ kó rí jágbajàgba."

Ọjọ́ yẹn náà ni bàbá dá àlùmọ́gàjí mi padà.

Ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn oníbàárà láṣọ. Bàbá á gbójú kúrò, á fi ìka kan ilẹ̀ ìdí igi, bó bá gbẹ, á bomi rin ín. Ó tó oṣù méjì kí òdòdó mẹ́rin tó là láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Pupa wọn wọlé gba fèrèsé, ó bà lé àwọn aṣọ funfun, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì rí bí ibi tí èèyàn ń dé lójú àlá nìkan. Mo pa máṣíìnì mi.

Bàbá pe ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọdún méjì. Ó wá ní, "Ẹ bá mi gé ẹ̀ka kan níbẹ̀, kí n gbìn ín síbí. Ibí ti mọ́ mi lára."

Ó yé èmi àti bàbá. Ẹni tó fẹ́ kẹ́rù kì í gbin igi. Omi lé ròrò sójú bàbá, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gidi. Mo retí pé yóò já lu ọ̀rọ̀ náà. Ó bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń gé e.

Ìyàwó ní kó gé e lábẹ́ oríkèé, kó gùn bí ọwọ́ kan, kó já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, kó rì í sínú iyanrìn tútù níbòòji, kó má sì fà á wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò; ewé tuntun ló máa sọ. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Bàbá gbọ́ ọ tán.

Nígbà tí ewé tuntun yọ lára ẹ̀ka tó gé, ó ní kí àwọn oníbàárà wá kó aṣọ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó gbé igi kékeré náà mọ́ àyà, ó ń dúró de mọ́tò. Mo bi í bóyá ìyàwó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

"Mo bi í bóyá mo lè wá," ó ní. "Ó ní kí n máa bọ̀."