Omi Tí Mo Ní Ó Mọ́

Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ni mo gbé abọ́ omi aró gun orí dẹ́kì ẹ̀ka wa ní yunifásítì, ní Zaria. Eruku ọyẹ́ ń ta mí nímú. Mo ri pẹlẹbẹ irin titániọ̀mù kan bọ inú omi búlúù náà. Mo ti sun irin yìí nínú ààrò títí ohun kan tó dà bí ìpẹtà, ṣùgbọ́n tó funfun, fi bò ó lára. A gbà pé bí oòrùn bá ràn sí i, ìpẹtà funfun yẹn lè ba ìdọ̀tí inú omi jẹ́; aró ni mo fi dípò ìdọ̀tí. Nígbà tó fi máa di agogo méjì, búlúù ti pòórá. Mo wá ẹni tí n óò sọ fún tì. Gbogbo akẹgbẹ́ mi ti lọ fún ìsinmi.

Nínú agboolé wa ní Tudun Wada, èmi àti Màmá onílé nìkan la jọ ń sọ Yorùbá. Opó òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ti túká. Bí mo ṣe kí i tán ni mo ní, "Màmá, omi náà ti mọ́ o!"

"Kai! Ó mọ́ kẹ̀? Ọmọ mi ti di bàbá olómi!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó yá, mú irin rẹ wá fún omi kànga tèmi."

Inú mi dùn débi pé mo fún un ní pẹlẹbẹ kan.

Lọ́jọ́ keje ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe: mo gbé omi aró mìíràn sóòrùn, láìfi irin sí i. Àwọ̀ tirẹ̀ náà ṣá, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. A jẹ́ pé oòrùn nìkan náà lè pa aró. Mo sáré relé. Màmá ń mu omi kànga látinú báàfù tó fi irin sí.

"Màmá, ṣé ẹ ti sè é?"

"Sè é kẹ̀? Kí ni mo tún fẹ́ máa fi kẹrosíìnì ṣòfò sí? Ṣebí ìwọ lo ní ó mọ́."

"Àwọ̀ aró nìkan ni mo wò, Màmá. Omi lè tòrò kí kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀."

Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Táífọ́ọ̀dù tó dá mi dùbúlẹ̀ léṣìí, ṣebí ojú ẹ ló ṣe?"

Láti ọjọ́ náà, "sannu" lásán ló ń kí mi, bó ṣe ń kí àwọn aládùúgbò tí kò gbọ́ Yorùbá. Mo wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kan bíi "mọ́" lè rìn jìnnà kọjá ohun tí ojú rí. Nínú ìwé àṣekágbá mi, mo kọ pé àwọ̀ pòórá; n kò kọ pé omi mọ́.

Mo ń ṣọ́ ọ bóyá ibà yóò mú un. Títí mo fi kó kúrò níbẹ̀, n kò rí i kó dùbúlẹ̀. Bóyá irin náà ló ṣiṣẹ́, bóyá kànga náà kò sì ní kòkòrò kankan nínú tẹ́lẹ̀, n kò lè sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo dágbére fún un ní Yorùbá. Hausa ló fi dá mi lóhùn.