Epo Tí Ìyá Ràímì Fi Pa Gíríìlì

Nígbà tí mo dé ilé ìyá Ràímì ní Ìlá lọ́jọ́ kejì Iléyá, èéfín ti sọ jálámíà funfun Ràímì di ẹwù alágbẹ̀dẹ. Ó dúró ti gíríìlì onígáàsì tó gbé wálé láti Èkó lọ́dún tó kọjá, ó mú ẹ̀mú ẹran dání bí ẹni mú ọ̀pá àṣẹ. Àwọn àna rẹ̀ ti gbéra ní Ọ̀tan Ayégbajú. Ó ti ṣèlérí fún wọn pé òun fúnra òun ni yóò ṣe bábíkíù. Bábíkíù ni ẹran sísun tó ti lọ sí Èkó dé.

"Ẹ̀yin ni ẹnjiníà?" ó bi mí.

"Èmi ni."

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì. Ìwé-ẹ̀rí mi wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń bo ibi tí ògiri ti sán. Àtúnṣe ohun èlò gáàsì ló ń bọ́ mi.

"Gáàsì Ìlá yìí ni kò dára," Ràímì wí. "Ti Èkó, búlúù ló máa ń jó."

Mo tan án. Apá ọ̀tún ń jó pupa, ó ń tu èéfín. Apá òsì kò tilẹ̀ gbaná. Mo pa sílíńdà. Bí mo ṣe ń dúró kí irin tutù, ìyá rẹ̀ rọra sún mọ́ mi, ó ń ká etí ìborùn mọ́ ìka.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti bàjẹ́ pátápátá ni? Kí ojú má ti ọmọ yìí lọ́dọ̀ àna."

"Ẹ jẹ́ n wò ó ná, Ìyá."

Mo yọ bọ́nà, ìyẹn ọ̀pá oníhò wẹ́wẹ́ tí iná ń gbà yọ. Àwọn ihò náà ti dí. Ohun kan tó ki, tó ti pò mọ́ eruku, ló wà nínú wọn. Mo gbóòórùn rẹ̀: epo pupa.

"Ta ló fi epo sí i?" Ràímì pariwo.

"Èmi ni," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Nígbà tí o padà sí Èkó, tí òjò ń rọ̀ ṣáá. Bàbá rẹ kì í gbé àdá rọ̀ láìfi epo pa á. Mo ṣe bí irin ni irin ń jẹ́."

Ràímì lanu. Mo tètè gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ rí ibi tó dógùn-ún?"

Kò sí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irú rẹ̀ kan ní Ọ̀rà. Tápólì olówó gọbọi ni wọ́n fi bò ó, síbẹ̀ ìka mi wọ inú irin rẹ̀ bí ẹni tẹ àkàrà gbígbóná. Epo Ìyá ló gba èyí là. Ihò nìkan ni kò yẹ kó kàn."

Mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ bọ́nà, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún àwọn ihò, mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Mo tò ó padà, mo ṣí ojú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé díẹ̀ sí i. Iná tí kò bá rí atẹ́gùn tó ló máa ń pọ́n. Mo fi ìfófòó ọṣẹ pa oríkèé rọ́bà tó ń gbé gáàsì wá láti inú sílíńdà. Kò hó, gáàsì kò jò nìyẹn. Mo ṣáná sí i.

Iná gbà láti òpin dé òpin, búlúù.

"Alihamudulilahi!" Ìyá mí kanlẹ̀. Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ràímì, gáàsì ibo ló wà nínú sílíńdà yẹn?"

"Ti Ìlá ni, Ìyá."

"Àbí ó ti lọ sí Èkó dé?"

Ràímì wojú mi, ó wo iná, ó bú sẹ́rìn-ín. Fèrè ọkọ̀ dún níta. Ìyá fa etí ìborùn rẹ̀, ó tutọ́ sí i díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu èéfín kúrò níwájú orí ọmọ rẹ̀.

"Dúró jẹ́ẹ́," ó ní, "àna ti dé."