Ọkọ̀ Bàbá Mi Lórí Adágún Oregun

Òórùn ọṣẹ ló máa ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan wà lẹ́yìn ògiri wa ní Oregun. Bí aago márùn-ún ìdájí bá ti lù, wọ́n á da omi gbígbóná wọn sínú adágún tó wà níwájú ilé, omi á hó funfun káàkiri, òórùn rẹ̀ á sì gba ojú fèrèsé wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Àwọn olówó ń sanwó gọbọi kí wọ́n lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń wo omi. Àwa ò san kọ́bọ̀. Omi náà fúnra rẹ̀ ló ń wá wò wá, títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé adágún wo ló wà ní Oregun. Àwọn tó ń ṣe títì ló wá wa yẹ̀pẹ̀ pupa níbẹ̀, wọ́n wà á títí ó fi di kòtò ńlá, wọ́n sì bá tiwọn lọ láì dágbére. Òjò àti omi ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ló bá wọn parí iṣẹ́. Bàbá Onílé wa, àgbà ará Ọ̀yọ́ kan tí kì í ṣí fìlà kódà bí wọ́n bá ń fọ ẹnu, wá sọ kòtò náà di ohun àmúyangàn. Bí ayálégbé tuntun bá dé, wọ́n á nawọ́ sí i, wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Etí ọ̀sà lẹ wà yìí. Ọ̀fẹ́ ni atẹ́gùn." Wọn kì í fi kún un pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀fọn náà.

Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ò fẹ́ràn omi tó bá ti ju ti inú korobá lọ. Wọ́n a máa sọ fún wa pé, "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù." Ní àdúgbò wa, gbogbo wa là ń tẹ ilẹ̀ tútù láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí dé òpin rẹ̀, mi ò sì rántí ẹni tó da omi kankan síwájú. Ọmọ etí ọ̀sà tòótọ́ ni bàbá mi ní tiwọn, láti abúlé apẹja kan lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń tún ṣe ní ilé-iṣẹ́ ike kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ọ̀sà, ẹ ó rò pé àná ni wọ́n kúrò níbẹ̀. Bí a bá ráhùn pé omi ti wọ yàrá, wọ́n á ní, "Odò kì í kún bo ẹja lójú." Ìyá mi á fèsì pé òun ò rántí ọjọ́ tí òun di ẹja.

Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹfà ni bàbá mi fi pákó tí wọ́n fi di ẹrù wá sí ilé-iṣẹ́ wọn kan ọkọ̀. Àkọlé ṣì wà lára pákó náà pé kí wọ́n rọra gbé e, ohun inú rẹ̀ lè fọ́. Òun ni wọ́n fi ń kó àwa ọmọ ilé dé ẹsẹ̀ títì bí omi bá ti bo ọ̀nà ilé-ìwé. Wọ́n kọ́ èmi àkọ́bí náà bí wọ́n ṣe ń di àjẹ̀ mú, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tukọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́: "Lórí omi, ẹni tó di àjẹ̀ mú ni àgbà." Ní abúlé wọn, ọba pàápàá, bí atukọ̀ bá ní kó jókòó, á jókòó ni. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dìde kí èèyàn nínú ọkọ̀, ìbáà ṣe bàbá tó bí i ló dúró létí omi. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an, nítorí lórí ilẹ̀, àbúrò mi nìkan ni mo jẹ́ àgbà fún, òun náà ò sì gbọ́ tèmi.

Ọjọ́ ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ńdìrì dé, òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ò tíì já wọn sílẹ̀. Aago mẹ́jọ ni wọ́n máa ti géètì ilé-ìwé tí a ti fẹ́ ṣe é ní Agége. Ìyá mi wo omi, wọ́n wò mí, wọ́n di káàdì ìdánwò mi sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n gbé àjẹ̀ lé mi lọ́wọ́, àwa méjèèjì sì wọ ọkọ̀. Bàbá Onílé, tí wọ́n ti wọ agbádá funfun láti lọ síbi ìsọmọlórúkọ, ní àwọn náà ń bá wa lọ.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sáàárín, ẹ má sì dìde títí a ó fi gúnlẹ̀." Wọ́n wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó.

Ó ku díẹ̀ ká gúnlẹ̀ ni Lèmọ́mù àdúgbò yọ lẹ́sẹ̀ títì. Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kó agbádá wọn jọ. Mo pariwo, "Ẹ jókòó, sà!"

"Kí n jókòó kí Lèmọ́mù? Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Wọ́n dìde, wọ́n tẹ̀ síwájú láti dọ̀bálẹ̀. Kí n má parọ́, ìdọ̀bálẹ̀ náà pé pérépéré. Inú omi ló parí sí, tàwa tọkọ̀.

Omi ibẹ̀ ò ju ìbàdí àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ Bàbá Onílé jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ lu omi, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Mo ké pé, "Ẹ dìde, sà! Ẹ dìde dúró!" Nígbà tí mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n dìde. Ìgbà tí mo wá ní kí wọ́n dìde, wọ́n jókòó. Èmi àti ìyá mi la fi agbádá fà wọ́n jáde. Mi ò rí agbádá yẹn kó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Káàdì mi ò tutù. Bí mo bá sáré nígbà yẹn, mo ṣì lè bá géètì ní ṣíṣí. Ṣùgbọ́n Bàbá Onílé ní ó di dandan kí n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, torí ọmọ tí àwọn lè bí bàbá rẹ̀ ti jágbe mọ́ àwọn lójú Lèmọ́mù. Ìyá mi ní, "Kúnlẹ̀, Bísí." Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ̀kọ́ ilé, wọ́n dé orí àwọn ọmọ ìwòyí, wọ́n sì ròyìn bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílùú Ọ̀yọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lèmọ́mù ní, "Ó ti tó." Nígbà tí a dé Agége, wọ́n ti ti géètì. Bàbá tó ń ṣọ́ ọ kàn nawọ́ sí aago ara ògiri.

Mo sunkún délé, ṣùgbọ́n mo ṣì ní ìrètí kan. Mo gbà pé bí bàbá mi bá dé, wọ́n á lọ sọ òfin ọ̀sà fún Bàbá Onílé. Bàbá mi dé, wọ́n gbọ́rọ̀ tán, wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú onílé. "Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé ló ń ṣe é." Wọn ò wojú mi nígbà tí wọ́n dìde. Mo mọ̀ báyìí pé kò rọrùn fún ayálégbé láti ṣe akin, àmọ́ ọjọ́ yẹn, ó dùn mí ju géètì Agége lọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi tún kíláàsì kẹfà kà.

Lónìí, èmi ni olórí ètò ààbò ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Ó wà nínú ìwé iṣẹ́ mi pé mo lè dá ẹ̀rọ èyíkéyìí dúró, ẹni yòówù kó wà nídìí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá àgbà wa mú àlejò wá, wọ́n kọjá ìlà tí a kùn sílẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí àwọn àlejò lè rí bó ṣe ń gé nǹkan. Mo wà níbẹ̀. Mo la ẹnu kí n pariwo. Eékún mi ti tẹ̀ kí n tó mọ̀, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ fún àwọn àlejò pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ọwọ́ wọn jáde ní odidi, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, nítorí kì í ṣe èmi ni mo yọ ọ́.

Ìwé ẹ̀rí mẹ́ta ni mo ní lórí ètò ààbò. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó di àjẹ̀ mú yẹn ò ní ẹyọ kan. Ká ní ó rí mi nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà ni, kò ní jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ rẹ̀.