Ẹnu Ẹkùn Moyọ̀sọ́lá

Ní Pápá Àjàó, ẹni tó bá béèrè Moyọ̀sọ́lá onílẹ̀kẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹkáníìkì ni wọ́n á júwe fún un. Àkàngbé, bàbá rẹ̀, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Orí ẹranko onílẹ̀kẹ̀ tí eégún ń gbé jáde ni bàbá náà ń ṣe: erin, ẹfọ̀n, ẹkùn. Láti kékeré ni Moyọ̀sọ́lá ti ń bá a sin ìlẹ̀kẹ̀, àmọ́ tó bá ti ku ẹnu ẹranko, bàbá á ní kó bọ́ síta, á sì tilẹ̀kùn. Awo ni. Ará ọ̀run leégún, kò sẹ́ni tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún obìnrin, obìnrin náà sì ń ṣe bí ẹni tó gbà.

Àkàngbé kú lọ́dún tó kọjá. Ìdílé eléégún kan ní Muṣin gbé iṣẹ́ orí ẹkùn fún ọmọ rẹ̀.

"Tó bá dáa, ìwọ ni wàá máa ṣe é lọ́dọọdún," Bàbá Yẹ̀kínnì, olórí ìdílé náà, ló wí bẹ́ẹ̀. "Tí ò bá dáa, a máa wá ọkùnrin."

Moyọ̀sọ́lá fẹ́ iṣẹ́ yẹn bí ẹ̀mí rẹ̀. Ó ṣe ẹkùn náà títí ojú fi ń ro ó, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ funfun to eyín dí ẹnu rẹ̀ pa.

Bàbá Yẹ̀kínnì dé, ó yìn ín, ó yìn ín, ó wá tẹjú mọ́ ẹnu ẹkùn náà.

"Bàbá, ṣé kò dáa ni?"

"Ó dáa. Ẹnu yẹn ṣá..."

"Kí ló ṣe ẹnu ẹ̀, sà?"

Bàbá họrí. Kí ni kó wí? Pé ẹni tó máa gbé e ò ní ríran, kò sì ní lè mí? Ta ló ń gbé ará ọ̀run?

"Ó ti dí jù," ló kàn sọ.

Ó yé Moyọ̀sọ́lá. Inú bí i: iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un. Tó bá sì ní ó yé òun, ọ̀ràn ni.

"Bàbá, ẹkùn yìí ò bani lẹ́rù tó. Ẹ jẹ́ n là á lẹ́nu, kí n fi àwọ̀n sí i."

"Àwọ̀n dúdú!" Bàbá tètè dáhùn, ó mí kanlẹ̀. "Iṣẹ́ ọdún tó ń bọ̀ náà, tìẹ ni o, Moyọ̀."

Lọ́jọ́ ọdún, ẹkùn náà dúró níwájú rẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn àwọ̀n. Moyọ̀sọ́lá rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ kan ti yẹ̀ létí ẹkùn, ó sì na ọwọ́.

"Obìnrin, ẹ sún sẹ́yìn!" Bàbá Yẹ̀kínnì pariwo. "Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

Ó dun Moyọ̀sọ́lá wọra. Ó sún sẹ́yìn.