Ìjókòó Kan Nínú Ọkọ̀ Sietse

Ẹ̀kọ́ ilé kì í pa ọmọ, ṣùgbọ́n ebi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Wilf Thackray ní ọdún tó kọ́kọ́ dé ìlú Sneek, ní ilẹ̀ Netherlands, níbi tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ́dọ̀ Sietse Hoekstra. Ní Whitby, létí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti bí i, bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ ọmọlúàbí, á ní, "Rárá, mo dúpẹ́." Onílé á ní, "Jọ̀ọ́, fẹnu kàn án." Á tún ní rárá. Onílé á fajú ro díẹ̀, á ti abọ́ síwájú rẹ̀, òun náà á wá jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fipá mú, á jẹ ẹ́ tán, á lá abọ́. Bẹ́ẹ̀ ni Nana, ìyá ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ṣe kọ́ ọ.

Ní Sneek ńkọ́? Àárọ̀ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, Sietse ṣí agolo bisikíìtì.

"Ṣé wàá jẹ?"

"Rárá, ẹ ṣé."

Pó! Sietse ti dé agolo. Ariwo ìdérí yẹn dé Amsterdam. Àwọn màlúù tó ń jẹko lọ́nà gbé orí sókè, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Wilf jókòó, ó ń wo agolo bí ológbò ṣe ń wo ẹja inú ìgò, ó ń retí kí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì kò dé títí di òní.

Kì í ṣe pé Sietse háwọ́. Ọkùnrin tó ga tó òpó iná ni, inú rẹ̀ sì mọ́ bí omi òjò. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ní rárá, rárá náà ló fẹ́. Láti tún bi í, ìwọ̀sí ni, bí ẹni pé o pè é ní òpùrọ́. Orí Wilf mọ èyí. Ẹnu rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n.

Àárò ilé wá sọ ara rẹ̀ di alábàágbé rẹ̀. Tíì tí wọ́n ń pò ní Sneek, ẹja lè wẹ̀ nínú rẹ̀ kó má mọ̀ pé òun ti kúrò lódò. Kò sí ẹni tó ń fi ọtí kíkan sí ẹja díndín. Bí ọjọ́ Àìkú bá ti dé, Wilf á pe Nana, ilé ìdáná Whitby á sì wọlé tọ̀ ọ́ wá látinú fóònù: ẹyẹ òkun á máa ké, kẹ́tù á máa súfèé, Nana á máa bú wọn méjèèjì. Inú ilé ìdáná yẹn ni gbogbo ohun tí Wilf ń pè ní ilé wà.

Nígbà tó wá di ọ̀sẹ̀ kan báyìí, Nana sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò: orúnkún òun kò lè gun òkè Whitby mọ́, òun ti ta ilé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn tó rà á ń bọ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́. Lọ́dọ̀ Maureen ọmọ òun, àbúrò ìyá Wilf, ní Leeds, ni òun ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Wilf fẹ́ láyé: kó jókòó sí tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú kún fọ́fọ́ nítorí ọmọ iléèwé gba ìsinmi. Lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Hull, àyè ẹni tí kò ní mọ́tò ti tán.

Àfi bíi pé ọ̀run gbọ́. Sietse yọ orí látẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kan.

"Wilf! Mo ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lọ sí Hull lọ́jọ́ Ẹtì. Ìjókòó kan ṣófo nínú ọkọ̀ mi. Ṣé wàá bá mi lọ?"

Ọkàn Wilf fò, ó kan àjà. Ẹnu rẹ̀ ní: "Háà, rárá o, Sietse. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu nítorí mi."

"Kò yọ mí lẹ́nu," ni Sietse wí. "Ṣùgbọ́n ó dáa." Ó padà sídìí ṣéènì rẹ̀, ó ń súfèé.

Femke, tó ń tún táyà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, dúró kí Sietse jáde ná. "Ìwọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ṣé o fẹ́ lọ ni, àbí o ò fẹ́?"

"Mo fẹ́ lọ."

"Kí ló dé tí o fi ní o ò lọ?"

"Mo rò pé á tún bi mí ni."

"Lẹ́ẹ̀mélòó?"

"Lọ́dọ̀ wa… ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

Femke rẹ́rìn-ín títí ó fi gíríìsì kun imú ara rẹ̀. "Kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá àgbà ẹni á ti kó ẹrù tán! Gbọ́, àǹfààní ò tíì lọ. Lọ bá a, sọ pé 'Mo fẹ́ lọ.' O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún mi ni, kò pa ọ́."

Lọ́jọ́ kejì Wilf lọ dúró ti Sietse, ó ń nu sípánà tó ti mọ́.

"Wọ́n ní òkun á dákẹ́ lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀nà yẹn jìn fún ẹnì kan ṣoṣo."

"Mo fẹ́ràn kí n máa dá wakọ̀."

"Whitby… kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Hull."

"Kò jìnnà." Sietse gbé irin iṣẹ́ sílẹ̀, ó wò ó lójú. "Wilf, ṣé nǹkan kan wà tí o fẹ́ ni?"

Ilẹ̀kùn ló ṣí gbayawu yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹ̀kọ́ Nana sì dábùú níbẹ̀ bí egungun ẹja.

"Rárá o, kò sí. Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Ẹ máà bínú."

Femke ju tíúbù mọ́lẹ̀. Kó tó la ẹnu, Klaas, àbúrò ìyàwó Sietse, ti wọlé, búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Sietse, mo gbọ́ pé ìjókòó wà. Mo fẹ́ lọ. Ẹja díndín àwọn ará Hull wù mí jẹ."

"Múra sílẹ̀ láàárọ̀," ni Sietse dá a lóhùn.

Wilf rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bọ Klaas lọ́wọ́, ó sì júwe ilé ẹja tó dùn jù ní Hull fún un, ó ní kó má gbàgbé ọtí kíkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òun ló bá wọn di kẹ̀kẹ́ mọ́ ọkọ̀. Klaas tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Wilf ló tọrọ àforíjì.

Ó pe Nana lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

"Nana, mi ò ní lè wá mọ́."

"Háà, ọkọ mi, ta ló ní kó o wá? Kí lo fẹ́ wá wò? Páálí lásán ló kù. Mi ò tilẹ̀ retí rẹ rárá."

Kò sí ẹni tó lè túmọ̀ ìyẹn ní gbogbo Sneek. Wilf gbọ́ ọ yékéyéké.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo yan kéèkì atalẹ̀ díẹ̀. Ó kàn wù mí ni, kì í ṣe nítorí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á rí i jẹ lọ́nà Leeds."

Wilf kò jẹ kéèkì mìíràn láti kékeré. Ó ní: "Nana, mo fẹ́ gbọ́ ilé ìdáná. Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì."

Nana kò bá a jiyàn. Ó gbé e kalẹ̀.

Àga wọ́ nílẹ̀. Omi ṣàn sínú kẹ́tù. Ẹyẹ òkun kan ké lójú fèrèsé, Nana kò sì bú u lónìí. Wilf ti fóònù mọ́ etí débi pé etí náà pọ́n, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ kí èémí òun má baà bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Kẹ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń múra àtisúfèé.

"Màmá!" Ohùn Maureen ni. "Àwọn tó ra ilé ti dé o. Ta ló gbàgbé fóònù síbí?"

Ó sì pa á.